Oúnjẹ Ọ̀tá Ló Gbé Ìyá Àgbà Dìde

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ọwọ́ mi kò tíì lè gba orí kọjá kan etí kejì, àárín ọ̀sà àti òkun ni ilé wa wà, ní ìsàlẹ̀ ibi tí ẹ̀yin ń pè ní Awóyáyà lónìí. Ẹ má wulẹ̀ wá ilé náà lọ. Ògiri gíga ni wọ́n fi yí ibẹ̀ ká báyìí, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n sin ìwọ́ mi sí. Inú ń bí mi bí mo ti ń sọ ọ́ yìí. Ẹ jẹ́ kó máa bí mi. Àgbà tí inú kì í bí mọ́, ó ti kú tán, wọn kò kàn tíì sin ín ni.

Ìyá bàbá mi ló tọ́ mi dàgbà. Ìyá Àgbà ni gbogbo agbo ilé ń pè wọ́n. Bí mo ti mọ̀ wọ́n, orí wọn ti funfun, díẹ̀ nínú eyín wọn ti yọ, síbẹ̀ àwọn fúnra wọn ló ń fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ wọn gba orí ọ̀sà lọ sọ́jà. Wọn a gbé agbọ̀n ẹja gbígbẹ karí, wọn a sì máa bá ènìyàn jà lójú ọ̀nà láìsọ agbọ̀n náà kalẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn oúnjẹ, wọn kò sì fi bò. Ní agbo ilé wa, àgbà ló kọ́kọ́ ń mú ẹja. Àwa ọmọdé, ìrù àti egungun ló ń kàn wá. Ẹyin ńkọ́? Wọ́n ní ọmọ tó bá jẹ ẹyin yóò di olè, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mò ń rí ẹyin lẹ́nu Ìyá Àgbà, n kò sì rí i kí wọ́n jalè. Mo máa ń fi ojú burúkú wo àwo wọn. Ìwọra ni mo pè é.

Wọ́n ní ọ̀tá kan. Orogún wọn ni, ìyàwó kékeré tí bàbá bàbá mi fẹ́ gbẹ̀yìn. Bàbá náà ti kú kí wọ́n tó bí mi. Ó fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ fún ara wọn bí ẹni fi iná sílẹ̀ fún epo. Ìjà ààrò ni wọ́n ń jà. Ààrò tí Ìyá Àgbà fi ń yan ẹja, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé e síbi tí atẹ́gùn òkun yóò ti máa gbá èéfín rẹ̀ wọ yàrá ìyàwó kékeré. Òun náà gbé tirẹ̀ síbi tí atẹ́gùn ọ̀sà yóò ti bá a gbẹ̀san. Bí atẹ́gùn bá ti yí, gbogbo ilé ti mọ ẹni tí èébú kàn. Wọ́n kọ́ mi pé n kò gbọdọ̀ gba omi lọ́wọ́ obìnrin náà, mo sì kórìíra rẹ̀ tọkàntọkàn. Títí di òní, ẹnu mi kò gbà kí n pè é ní "wọ́n".

Lọ́dún kan, nígbà òjò, ibà dá Ìyá Àgbà wó. Ibà náà le, ṣùgbọ́n ó lọ. Ohun tó tẹ̀lé e ni kò fẹ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àkọ́bí Ìyá Àgbà, ni olórí ilé. Ó ní àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn kò gbọdọ̀ jẹ ohun líle. Ó ní ikùn arúgbó kò yàtọ̀ sí ikùn ọmọ tuntun. Ògì láàárọ̀, ògì lálẹ́, bí ọbẹ̀ bá sì wà, kí wọ́n da omi rẹ̀ nìkan fún ìyá òun, kí ẹja má bàa há wọn lọ́fun. Ó ní kí ìyá òun má dìde rárá, kí wọ́n máa sinmi. Àwọn ìyàwó ilé a gbé Ìyá Àgbà lọ sí balùwẹ̀, wọn a tún gbé ìyá bọ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé ògì náà kalẹ̀. Bí ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á yìí bá wà níbẹ̀, ẹ̀yin náà ì bá yìn wọ́n.

Ẹ óò ní n kò bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi bí mo ti ń pè é ní "ó" yìí. Òótọ́ ni. N kò bọ̀wọ̀ fún un.

Èmi tí mò ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àgbà ni mo kọ́kọ́ rí i. Itan wọn ni mo máa ń fi ṣe ìrọ̀rí. Nígbà tó yá, ó di pé etí ń dùn mí bí mo bá gbórí lé e, nítorí egungun nìkan ló kù. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ewúrẹ́ kan wọlé, ó ń jẹ gààrí tí wọ́n sá sórí ẹní. Ìyá Àgbà fẹ́ dìde lọ lé e. Ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn. Wọ́n ṣubú lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wà nílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń bú ewúrẹ́, wọ́n ń bú ẹsẹ̀ ara wọn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dé, ó wò wọ́n títí, ó ní, "Èyí kì í ṣe ojú lásán. Wọ́n ti so ìyá mi lẹ́sẹ̀."

Kò wá ẹni tó so wọ́n lọ sọ́nà jíjìn. Ó pe gbogbo ilé jọ sí àgbàlá, ó nawọ́ sí ìyàwó kékeré. Ó ní kó di ẹrù rẹ̀, kó jáde kí ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ tó kọjá. Obìnrin náà kò lọ́mọ láyé. Àwọn ènìyàn rẹ̀ tó wà lódìkejì ọ̀sà ti kú tán. Bí wọ́n bá lé e jáde pẹ̀lú orúkọ àjẹ́ lọ́rùn, abúlé wo ni yóò gbà á? Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Inú mi sì dùn.

Kò sunkún. Ó dìde níbi tó jókòó sí. "Èmi ni mo so ìyáálé mi? Okùn wo ni mo fi so wọ́n? Ẹ mú un jáde ká jọ wò ó. Ṣé itan tó ń gbé agbọ̀n ẹja lẹ sọ di ẹ̀ka igi yìí? Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò lẹ ti ń da omi ògì sí wọn lẹ́nu. Ebi ló so wọ́n, ẹ̀yin lẹ sì ta kókó rẹ̀!"

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kó pa ẹnu rẹ̀ dé. Kò pa á dé. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa bọ́ ìyáálé òun títí oṣù tuntun yóò fi lé. Bí ìyáálé òun kò bá rìn, kò sẹ́ni tí yóò lé òun, òun fúnra òun yóò bá ẹsẹ̀ òun sọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ ni ohùn Ìyá Àgbà ti jáde láti inú yàrá. "Ẹ jẹ́ kó gbé e wá! Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé yìí, kò mọ ọbẹ̀ í sè. Mo fẹ́ kí ojú tì í níṣojú gbogbo yín."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé àwo dé. Ẹ̀wà ni, ó jinná dẹ̀ẹ̀, epo pupa ló fi sè é. Ó tú ẹja gbígbẹ sí i lọ́pọ̀lọpọ̀, ó sì ti yọ gbogbo egungun rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu kí gbogbo ilé lè máa wo òun. Ó kọ́kọ́ bù ú jẹ, ó gbé e mì, ó la ẹnu fún wa kí a rí i pé kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́.

"Ẹ jẹ ẹ́," ó ní. "N kò fẹ́ràn yín, ìyáálé mi. Bí ẹ bá kú sórí ẹní yìí, ojú mi ò ní ṣomi. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní kú lé mi lórí. Ẹ jẹ ẹ́!"

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan. Bó ti ń bú wọn tó, "ẹ̀yin" ló ń pè wọ́n. Kò fìgbà kan gbé ọ̀wọ̀ ìyáálé sọnù.

Ìyá Àgbà jẹ ẹ́. Wọ́n jẹ ẹ́ tán pátápátá, wọ́n ti àwo padà. "Kò níyọ̀," ni wọ́n wí. "Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò kọ́."

"Ẹ dìde ká jọ lọ wá iyọ̀ náà."

Kò nawọ́ sí wọn o. Àpótí ìjókòó rẹ̀ ló gbé ka iwájú wọn, ó ní kí wọ́n dì í mú, kí wọ́n fi gbé ara wọn sókè. Wọ́n gbìyànjú, itan wọn gbọ̀n, wọ́n padà jókòó gbì. Omi bọ́ lójú wọn. N kò rí omi lójú Ìyá Àgbà rí. Mo fò mọ́ obìnrin náà, mo gé e jẹ lápá. Ó fà mí já kúrò, ó wo ojú eyín mi lára rẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Ìwọ kò mu ògì lánàá." Kò nà mí. Ó kọjú sí Ìyá Àgbà padà. "Ẹ tún dìde."

Bó ṣe ń lọ nìyẹn. Ẹ̀wà láàárọ̀. Lọ́sàn-án, akàn tí ó ti fọ́, tàbí edé tútù tó gún mọ́ ata. Lálẹ́, ẹyin adìyẹ tirẹ̀, adìyẹ tí kò fún ẹnikẹ́ni lẹ́yin rẹ̀ rí. Bí wọ́n bá jẹun tán, ẹ dìde, ẹ jókòó, ẹ tún dìde. Èébú ni wọ́n fi ń mu omi lé e. Ó di pé Ìyá Àgbà á ti jí ní ìdájí, wọn a máa to èébú ọjọ́ náà jọ sẹ́nu, wọn a máa retí rẹ̀. Láti ìgbà tí ibà ti dá wọn wó, n kò rí ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójú wọn mọ́ àfi lásìkò yìí.

Oṣù kò tíì lé nígbà tó ṣẹlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó kékeré pẹ́ kó tó gbé oúnjẹ wá. Atẹ́gùn ń ti orí ọ̀sà fẹ́, èéfín ààrò rẹ̀ sì kún yàrá wa. Ìyá Àgbà wúkọ́. Wọ́n pariwo, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ni wọ́n bá di òpó ilẹ̀kùn mú, wọ́n dìde, wọ́n bọ́ síta. Mo sáré tẹ̀lé wọn, mo nawọ́ lẹ́yìn wọn kí wọ́n má bàa ṣubú, wọ́n gbá ọwọ́ mi dànù. Wọ́n la àgbàlá kọjá díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ ń gbọ̀n, ẹnu ń ṣépè, títí wọ́n fi dé ìdí ààrò obìnrin náà. Wọ́n fa igi iná kan yọ, wọ́n gbé e sókè láti fi la orí rẹ̀.

Kò sá. Ó pàtẹ́wọ́, ó sì kígbe débi pé àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe létí omi gbọ́ ọ. "Ẹ jáde wá o! Ẹsẹ̀ tí mo so ló ń rìn bọ̀ yìí! Ẹ wá wo iṣẹ́ àjẹ́!"

Gbogbo ilé jáde. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú pákò lẹ́nu, kò lè rin ín, kò lè tu ú. Ìyá Àgbà wo igi iná ọwọ́ wọn, wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn tó dúró sórí yanrìn, wọ́n wo orogún wọn. Wọ́n ju igi náà sílẹ̀. "Gbé ààrò rẹ kúrò níbí," ni wọ́n wí. Wọ́n yíjú padà, wọ́n rìn wọlé.

Kò gbé e kúrò.

N kò ní parọ́ fún yín pé wọ́n di ọ̀rẹ́. Wọ́n jà títí ikú fi mú ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò kàn dá ọ̀rọ̀ lílé sílẹ̀ mọ́ ni. Ìyá Àgbà padà sórí ọ̀sà pẹ̀lú àjẹ̀ wọn, kò sì sẹ́ni tó tún gbé omi ògì síwájú wọn.

Ẹ wá wo èmi náà lónìí. Ọkọ mi kú, ọmọ mi ọkùnrin sì kó mi wá sínú ẹ́sítéètì kan nítòsí Ajah. Yàrá mi wà lókè. Ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀, wọ́n sì gbé agogo kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, pé bí mo bá fẹ́ omi, kí n mì í. Ọmọbìnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé a gbé omi wá. Kí n má sọ̀kalẹ̀ o, kí n má gbé nǹkan kan o. "Màmi, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ sinmi." Òwúrọ̀ kùtù ni ọmọ mi ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kì, ojú fóònù ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àgbà. Ó rí i níbẹ̀ pé ẹran kò dára fún arúgbó, ẹja kò dára, ẹyin yóò pa á, ẹ̀wà yóò dà á nínú rú. Kí ló wá kù? Óòtù, ìyẹn ògì òyìnbó, tíì, búrẹ́dì, ìbẹ́pẹ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ bíi ti ọmọ jẹ́léósinmi. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ itan adìyẹ nísàlẹ̀, òórùn rẹ̀ ń gun àtẹ̀gùn wá bá mi lókè.

Ní ọjọ́ Sunday kan, gbogbo wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo jókòó, n kò sì lè dìde mọ́. Mo di ògiri mú, ó ń yọ̀. Mo ké, kò sẹ́ni nílé. Agogo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Orí ìjókòó ìtìjú yẹn ni wọ́n ti wá bá mi. Ìyàwó ọmọ mi, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, onínúure sì ni, ó bú sẹ́kún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Nígbà tó ṣe tán, ó rọra bi mí léèrè pé, "Màmá, ta lẹ fura sí nínú ẹbí yín?"

Orí mi gbóná. Mo ní, "Kò sí ẹni tó so mí. Ẹ gbé mi lọ sí ọsibítù."

Dókítà tó yẹ̀ mí wò kò tíì dàgbà púpọ̀, ọmọbìnrin ni. Ó ní kí n dìde lórí àga láìfọwọ́ ti nǹkan kan. N kò lè ṣe é. Ó fọwọ́ tẹ itan mi, ó béèrè ohun tí mò ń jẹ. Ọmọ mi ló gba ẹnu mi dáhùn, ó ń fi ìgbéraga kà á sílẹ̀. Dókítà náà ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, kí òun mọ bí kíndìnrín mi ṣe ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí èsì rẹ̀ jáde tó sì dára, èmi ló kọjú sí.

"Màmá, iṣan ẹsẹ̀ yín ló ti ń yọ́. Bá a bá ṣe ń dàgbà, ó máa ń dínkù lára gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò jẹ ohun tó ń fún iṣan lágbára, tí kò sì lo ẹsẹ̀ rẹ̀, tirẹ̀ á yára tán. Ẹja, ẹyin, ẹ̀wà, adìyẹ: ẹ rí i pé ọ̀kan nínú wọn wà nínú oúnjẹ yín láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Kẹ́ ẹ sì máa dìde lórí àga, kẹ́ ẹ tún jókòó, lójoojúmọ́."

"Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ńkọ́?" ọmọ mi ní.

"Iyọ̀ ni kẹ́ ẹ dín kù fún wọn, sà. Ẹ má gba ẹja lọ́wọ́ wọn."

Nínú mọ́tò, ọmọ mi fajú ro. "Dókítà yẹn kéré jù," ló sọ. "Kí ló mọ̀?" Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, óòtù ni wọ́n tún gbé wá. Mo gbé àwo náà lọ sí síǹkì, mo dà á nù lójú ìyàwó rẹ̀. Mo wọ bàtà mi, mo di irin àtẹ̀gùn mú sọ̀kalẹ̀, mo ní mò ń lọ ra ẹja lọ́jà Ajah. Ìdí géètì ẹ́sítéètì ni wọ́n ti dá mi dúró.

"Màmá, ẹ má bínú sí mi o," ni ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ wí. "Ọ̀gá, ọmọ yín, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kẹ́ ẹ jáde."

Mo gba àga rẹ̀. Mo wọ́ ọ sí àárín ojú ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà wọlé, mo jókòó síbẹ̀. Àwọn mọ́tò tò, wọ́n ń fọn fèrè, àwọn ará ẹ́sítéètì wa ń bẹ̀ mí láti ojú fèrèsé mọ́tò wọn. "Màmá, ẹ dákun." N kò dákun. Oòrùn pa mí lórí, mo wà níbẹ̀ títí ọmọ mi fi dé láti ibi iṣẹ́, ojú rẹ̀ ti wú.

"Màmi, kí lẹ̀ ń ṣe báyìí? Ẹ̀ ń dójú tì mí!"

"Ẹlẹ́wọ̀n rẹ ni mí?"

"Torí mo fẹ́ràn yín ni mo ṣe…"

"Ìfẹ́ rẹ ti gba ẹsẹ̀ mi. Kí ló kù lára mi tó tún fẹ́ gbà?"

Mo di apá àga mú láti dìde, ó sáré wá láti gbé mi. Mo ní, "Má fọwọ́ kàn mí!" Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wò mí. Ẹsẹ̀ mi gbọ̀n bíi ti ọmọ ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, mo padà jókòó, mo tún gbìyànjú. Ó pẹ́. Mo dìde. Ọmọ mi kò wo ojú mi; ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí géètì.

Láti ọjọ́ náà, èmi ni mò ń se oúnjẹ mi. Mò ń jẹ ẹja mi, mò ń jẹ ẹyin mi, mò ń di àga mú dìde, mò ń jókòó. Ó ti ṣeé ṣe fún mi láti dìde nílé ìgbọ̀nsẹ̀ láìpe ẹnikẹ́ni, mo sì ń gun àtẹ̀gùn bí mo bá di irin rẹ̀ mú. Mi ò lè tu ọkọ̀. Ọjọ́ ti lọ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi ń dọ̀bálẹ̀ kí mi láàárọ̀, ọ̀rọ̀ kò sì pọ̀ láàárín wa. Ó ń bínú. Èmi náà ń bínú. Kó máa ṣe tirẹ̀ lọ.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ. N kò sọ pé gbogbo ti ìgbà náà ló dára. Wọn kò ṣe dáadáa bí wọ́n ṣe gba ẹyin lẹ́nu àwa ọmọdé. Ṣùgbọ́n nígbà náà, bí ìkòkò ẹnìkan kò bá hó, ọ̀tá rẹ̀ pàápàá yóò mọ̀. Lónìí, olúkúlùkù ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, òtútù ẹ̀rọ ń fẹ́ sí wọn, wọ́n ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kí àgbà tí ara rẹ̀ ń tán lọ. Bí ẹ bá ní arúgbó nílé, ẹ má bi í bóyá ara rẹ̀ le, nítorí yóò parọ́ fún yín. Ẹ ní kó dìde lórí àga, kí ẹ wò ó. Bí kò bá lè dìde, kí ẹ tó wá ẹni tó so ó lẹ́sẹ̀ kiri, kí ẹ tó kúnlẹ̀ àdúrà pàápàá, ẹ lọ ṣí àwo rẹ̀ wò.